Nígbà Tí Ubuntu Ń Gba Dùgbẹ̀ Wọlé

Ní Ìbàdàn ọdún 2005, ẹni tó bá ní òun fowó ra Windows, àfi kó jẹ́ pé báńkì tàbí iléeṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́. Ayédèrú síídì rẹ̀ kún orí tábìlì láti Agbówó dé Mọ́kọ́lá, owó rẹ̀ kò sì ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Photoshop àti CorelDRAW wà nínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú rẹ̀; nọ́ńbà tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó ṣí, wọ́n ti fi bírò kọ ọ́ sára ọ̀rá níta. Ẹni tó bá wá dúró níwájú ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tó ní, "Ẹ fi Linux rọ́pò Windows, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín o," ọmọ náà á wò ó bí ẹni tó ń kiri omi lọ́jọ́ òjò.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé tí mo bá ń ka ìtàn àwọn ẹgbẹ́ oní-Linux ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àfi bí ẹni pé owó Microsoft ló lé gbogbo wọn jọ. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sówó tí à ń sá fún. Ohun tó kó wa jọ ni pé kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe nínú wa. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ kò ní iná nílé, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín dísíìkì sí méjì kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́ràn. Bí a bá kó gbogbo wa pọ̀, a máa ń tó èèyàn kan tó mọ̀ ọ́n.

Yàrá òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Agbówó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì, la ti ń pàdé. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni. Àwọn ọmọ tó ń dúró de JAMB ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé níbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni tiwa. Ẹni tó ni ibẹ̀ ti ń lo Red Hat, irú Linux kan, láti ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé ńlá ni èèyàn ti ń yọ síídì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan wà níbẹ̀ tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti sọ ọdún mẹ́rin rẹ̀ di púpọ̀. Ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Sáńgò wà níbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ báńkì kan tí kì í bọ́ táì lọ́rùn ní Sátidé. Nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn UCH kàn sin ọmọ rẹ̀ wá ni, kò sì lọ mọ́. Òun la máa ń pè tí ọ̀rọ̀ dísíìkì bá ti le. Ó ní ẹni tó ń gún ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ lójú ìyá rẹ̀, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi dẹ́rù ba òun.

Ubuntu, ọ̀kan lára irú Linux tó wà, ló sọ wá di ẹgbẹ́ gidi. Kó tó dé, Knoppix ti Klaus Knopper, ará Jámánì, la fi ń ṣe àfihàn, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ látorí síídì láìfọwọ́ kan Windows. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní, ó sì ti họ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó fowó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ Soyuz lọ sójú òfuurufú ní 2002, gbé Ubuntu jáde. Iléeṣẹ́ rẹ̀, Canonical, wá ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ síídì rẹ̀, níbikíbi láyé, kó kọ àdírẹ́sì sílẹ̀. Àwọn máa fi ránṣẹ́, àwọn náà ló sì máa san owó ìfìwéránṣẹ́.

Àdírẹ́sì wo? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ilé tí kò ní nọ́ńbà. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ bàbá Ẹ̀gbọ́n ní Dùgbẹ̀ la lò. Olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì nìkan ló sì ń retí nínú àpótí yẹn. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, wọ́n fi ìwé pélébé kan síbẹ̀ pé kó wá gba ẹrù láti òkè òkun. Bàbá wọ agbádá. Èmi ni mo tẹ̀ lé e.

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Bàbá?" ni obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà bi wá.

"Síídì ni mà," ni mo dáhùn.

"Síídì fíìmù?"

"Rárá mà. Ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ẹ wá ra gbogbo èyí?"

"Wọ́n fún wa ni mà."

Ó wo Bàbá, ó wò mí. "Ta ló ń fún yín? Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín?"

Kò sí ìbéèrè tí mo gbọ́ tó ìyẹn láàárín àwọn ọdún náà, mi ò sì bínú sí ẹni tó bi í. Ní ìlú tí èèyàn ti jẹ gbèsè nítorí ohun ọ̀fẹ́ rí, ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Èmi ṣì ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé nígbà tí Bàbá dá a lóhùn pé, "Ọmọ ìlú Mandela ló fi ránṣẹ́." Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀, ó sì ní kí a fún òun ní ẹyọ kan fún ọmọ òun. A fún un ní méjì. Títí di òní, n ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún Bàbá pé òyìnbó ni Shuttleworth.

Síídì méjì ló wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan fún ìgbéwọ̀. Ìgbà tí ẹ̀dà 6.06 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2006 ni wọ́n pa méjèèjì pọ̀ sórí síídì kan. Àwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo ojú Ubuntu, àwọn kan sì ń ráhùn pé kò dán. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò ní 2010, ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dun àgbàlagbà lọ.

Iṣẹ́ Sátidé wa ni gbígbé Ubuntu wọ ẹ̀rọ àwọn tó bá gbé tiwọn wá. Wọ́n ń gbé e wá lóòótọ́: odidi CPU lórí ọ̀kadà, mọ́níítọ̀ onídìí ńlá láàárín itan. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, Pentium III tí ọ́fíìsì kan ní London ti jù nù. Ìrántí 128MB kì í jẹ́ kí síídì Ubuntu ṣí dáadáa, nítorí náà Xubuntu, tó jáde lọ́dún 2006 yẹn náà, la ń fún irú wọn. Àárín gbùngbùn iṣẹ́, nígbà tí dísíìkì ti pín sí méjì tí èyí tó kù kò tíì ṣe, ni NEPA máa ń mú iná lọ. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tuntun bú u. Lẹ́yìn tí ẹnì kan ti sunkún gidi lórí pírójẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ sọnù, a dáwó jọ, a ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour. Télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀ wá pé ká fa wáyà kan sí ẹ̀rọ ìránṣọ òun. A fà á.

Bí Ubuntu bá wọlé tán, ìyà gidi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ Linux lónìí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Tó bá fẹ́ ètò tuntun, á tẹ àṣẹ kan, ètò náà á sì wá fúnra rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ módẹ́mù tó wà nínú tòkunbọ̀ wa, wọ́n ti yọ ọpọlọ inú wọn láti dín owó kù. Ètò kan nínú Windows ló ń ronú fún wọn. Bí Windows bá ti kúrò níbẹ̀, òkú ni wọ́n. Kódà ká ní wọ́n yè, láìnì tẹlifóònù wo la fẹ́ so wọ́n mọ́?

Nítorí náà la ṣe ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ sílé nínú fúláàṣì. Ọmọ Sáńgò ló rí ọ̀nà rẹ̀. Bí èèyàn bá fi `--print-uris` kún apt-get, àṣẹ tó ń mú ètò tuntun wá, ẹ̀rọ kò ní gba ohunkóhun wálé. Ńṣe ló máa to àdírẹ́sì gbogbo fáìlì tó nílò sójú ìwòran. A máa kó àdírẹ́sì náà sínú fúláàṣì, a máa lọ sí kafé, a máa gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, a máa kó wọn padà wá. Tí ẹ̀yà fáìlì kan kò bá bá èyí tó kù mu, á ní òun fẹ́ ẹ̀yà mìíràn, ìyẹn náà á ní òun kò lè dá dúró. A máa ń kọ orúkọ wọn sínú jọ́tà. Bí ọkùnrin kan bá ti fi gbogbo òru gba ogún fáìlì, tó wá délé tó rí i pé ẹyọ kan ló kù, ìwà rẹ̀ á hàn.

Orin ló sábà ń fa gbogbo wàhálà yìí. Ubuntu kì í kọ MP3 látọ̀runwá nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wò ó: ẹ ti fi ọ̀sán gbáko yí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́kàn padà, ó fi síídì MP3 orin fújì Pasuma sínú ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Nípa òmìnira? Àpò tó ń mú MP3 kọrin ń jẹ́ gstreamer0.10-plugins-ugly, mo sì gbà pé èyí tó ń jẹ́ òbúrẹ́wà yẹn ló fa èèyàn sọ́dọ̀ wa ju gbogbo àwọn tó rẹwà lọ.

Òru la máa ń lọ sí kafé, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí òru ló rọjú. Àwọn ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kún ibẹ̀. Wọ́n máa ń wo ojú ìwòran wa, dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun tó ń sáré, wọ́n á sì bọ̀wọ̀ fún wa. Wọ́n rò pé iṣẹ́ tiwa ga ju tiwọn lọ. Ìyá onílé tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa náà rò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun kò bọ̀wọ̀ fún wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó gun òkè wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti ń gbọ́ EFCC lórí rédíò o. Tí wọ́n bá wá, orúkọ ilé mi ni wọ́n máa kà."

Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé títí, ìyá kò gbọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dìde tó gbà á lọ́wọ́ mú, tó fi í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ títí a fi parí. Àlàáfíà wà láti ìgbà náà, mi ò sì mọ ohun tó sọ fún un.

Kì í ṣe ìwàásù kankan ló jẹ́ kí Agbówó mọ̀ wá. Fáírọ́ọ̀sì ni. Bí èèyàn bá ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí ní àwọn ibi ìtẹ̀wé tó tò sí ọ̀nà yẹn, àìsàn ló máa mú jáde. Fáìlì kan tó ń jẹ́ autorun.inf máa wọ inú rẹ̀, á sì sọ fún Windows pé kó ṣí fáírọ́ọ̀sì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Á fi iṣẹ́ oníṣẹ́ pamọ́, á wá gbé ayédèrú fódà tí wọ́n ń pè ní New Folder.exe síbẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé pírójẹ́ẹ̀tì wọn ti lọ nìyẹn. Lórí Linux, nǹkan wọ̀nyí kò lè sá pamọ́, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́, torí Windows ni wọ́n kọ wọ́n fún. A máa rí wọn ní ìhòòhò, a máa pa wọ́n rẹ́, iṣẹ́ oníṣẹ́ á sì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í pamọ́. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà ìparí sáà ẹ̀kọ́, ìlà àwọn tó di fúláàṣì mú máa ń dé àtẹ̀gùn. "Àwọn tó ń yọ fáírọ́ọ̀sì" ni orúkọ wa títí dé Òjóò. Òṣìṣẹ́ báńkì ní ká máa gbowó. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní ó lòdì sí ẹ̀mí ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ Richard Stallman gan-an, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà olómìnira tí wọ́n ń pè ní GNU ní 1983, kò fìgbà kan sọ pé owó gbígbà burú. A gbé agolo Bournvita kan kalẹ̀ fún owó epo, ìjà sì parí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń dúpẹ́ jù ni kì í ju nǹkan kan sínú rẹ̀.

Bàbá ló wá jẹ́ kí èmi fúnra mi mọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Ó ń kọ ìwé ìtàn ìran rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì kankan sí i, Bàbá sì fi bírò pupa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Ilé ìtẹ̀wé kejì ní fọ́ǹtì tí wọ́n ti yọ àwọn àmì kan kúrò nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ àti ọ sí àyè wọn. Ó dára lórí ẹ̀rọ tiwọn, ṣùgbọ́n bó ṣe dé ẹ̀rọ mìíràn, wótowòto ni. Ó gbé e wá fún wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Kò bẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n."

Nínú ètò nọ́ńbà lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò, Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì òkè kò ní. Ẹ la máa kọ, ká tó wá fi àmì lé e lórí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ayé ìgbà yẹn máa ń gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun lẹ́tà mọ́lẹ̀. Fọ́ǹtì DejaVu, tí àwọn èèyàn fi fọ́ǹtì Vera tí iléeṣẹ́ Bitstream yọ̀ǹda ní 2003 ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. Ó kù kíbọọ̀dù.

Lórí Linux, fáìlì lásán tí èèyàn lè ṣí kà ló ń sọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan máa tẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ṣí i síwájú Bàbá. Ó ní, "Bàbá, àwọn lẹ́tà wo ni Yorùbá kò lò lórí kíbọọ̀dù yìí, sà?" Bàbá kà wọ́n: c, q, v, x, z. Márùn-ún. Ohun tí à ń wá àyè fún náà, ẹ kà á: ẹ, ọ, ṣ, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. Gbogbo yàrá pariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kọ 1EB9, nọ́ńbà ẹ, sí àyè q, 1ECD, nọ́ńbà ọ, sí àyè v, 1E63, nọ́ńbà ṣ, sí àyè x, ó fi àmì méjèèjì sí àyè c àti z. Nígbà àkọ́kọ́, kíbọọ̀dù kọ̀ jálẹ̀, kò tẹ ohunkóhun. A tún un wò, a pa ojú ìwòran, a tún un ṣí. Bàbá fi ìka kan tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò jọ ọpẹ́. "Ta ló fún yín láṣẹ láti tú u?"

"Àṣẹ náà bá a wá ni, sà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ṣí ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn án. Bàbá wọ awò, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó kà á tán nínú gbogbo ẹni tó wọ yàrá yẹn, àwa tí à ń fi òfin GPL jiyàn pàápàá.

A kúkú ń jiyàn. Ṣé Linux ni ká máa pè é, torí Linus Torvalds tó kọ ọkàn rẹ̀ ní 1991, àbí GNU/Linux? Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kì í dá ẹni tó bá pe èyí àkọ́kọ́ lóhùn. Kò gbé àpò òbúrẹ́wà yẹn wọ ẹ̀rọ rẹ̀ rí. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ orin, rédíò ló ń yí. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní báyìí tí fóònù Android wà lápò gbogbo èèyàn, tó jẹ́ pé ọkàn Linux ló wà nínú rẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò sì lè ṣí i láti yí bọ́tìnnì kan padà, mo rò pé ó jàre ju bí a ṣe gbà fún un lọ.

Ohun tó tú wa ká kì í ṣe ìjà. Láti nǹkan bí 2008, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ta módẹ́mù kékeré tí èèyàn ń ki bọ kọ̀ǹpútà. Lákọ̀ọ́kọ́, Linux kò mọ̀ wọ́n, ìyẹn sì fún wa níṣẹ́ ṣe fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ wọ́n. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tó ń jẹ́ MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, Canonical ní àwọn kò fi síídì ránṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan kan, ó lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó gbà á. Ìyẹn gan-an la ti ń tọrọ látẹ̀yìn wá, nígbà tó sì dé, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gbé CPU gun ọ̀kadà lọ sí Agbówó ní ọ̀sán Sátidé. Òṣìṣẹ́ báńkì ti lọ sí Èkó. Ọmọ Sáńgò ń tún fóònù ṣe báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde níkẹyìn, ó sì lọ sí Kánádà. Ìwé Bàbá jáde, tàmì-tàmì.

Ẹ̀gbọ́n ta ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó lọ, ó sì pe àwọn tó kù nínú wa kí a wá pín ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́. Kò pọ̀: síídì nínú páálí, àwọn jọ́tà, agolo Bournvita, jẹnẹrétọ̀. Orí jẹnẹrétọ̀ la há sí. Gbogbo wa la dáwó rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ iye tí ẹnikẹ́ni dá sílẹ̀. A ti fi ọdún púpọ̀ jiyàn lórí ẹni tó lè lo nǹkan, ẹni tó lè tún un ṣe, ẹni tó lè fún ẹlòmíràn, a ò sì ní ìlà òfin kan ṣoṣo fún jẹnẹrétọ̀ tiwa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kí a tà á. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní a kò lè ta ohun àjọni. Nígbà tí à ń sọ èyí lọ́wọ́, télọ̀ gòkè wá, ó ní láti bí ọdún méjì òun nìkan ló ń ra epo sí i, òun ló sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ó gbé e, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì sáré dé orí àtẹ̀gùn, ó ní ká ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ṣì ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Télọ̀ ní kò burú, kí onítọ̀hún ṣáà máa gbé epo tirẹ̀ dání.